Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àtúnkọ́ Ọjà: ẹ padà wá ka àwọn tọ́rọ̀ kàn

Sí Alága, Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Àtúnkọ́ Ọjà,

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá Alága. A ti sọ ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́lẹ̀, kò wọlé, ìdí nìyí tí mo fi gbé e síta kí gbogbo ìlú bá wa dá sí i.

Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló fà á. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti ka àwọn tọ́rọ̀ kàn nínú iṣẹ́ àtúnkọ́ ọjà tán, pé ẹ ti pín wọn sínú àpótí mẹ́rin lórí ìwé gẹ́gẹ́ bí agbára wọn àti bí ọ̀rọ̀ ṣe kàn wọ́n tó, àti pé agbaṣẹ́ṣe máa fi páànù yí ọjà ká ní kété tí òjò bá dáwọ́. Mo ka ìwé náà ní àkàtúnkà. Ọba wà níbẹ̀. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn kánsẹ́lọ̀, ọlọ́pàá, báńkì tó fẹ́ yá yín lówó, ẹgbẹ́ onímọ́tò, agbaṣẹ́ṣe, Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà. Lábẹ́ gbogbo wọn, ní ìlà tó gbẹ̀yìn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: àwọn ọlọ́jà.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹlẹ́lùbọ́. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa àkóso iṣẹ́ kí n tó wá gba ìsọ̀ ìyá mi, nítorí náà iṣẹ́ tí ẹ ṣe kò ṣókùnkùn sí mi. A ò sì lòdì sí àtúnkọ́. Òrùlé ọjà ń jò, gọ́tà ti dí, wáyà iná mànàmáná tí wọ́n so kọ́rakọ̀ra lórí wa lè dá iná sílẹ̀ nígbàkigbà. Ohun tí a lòdì sí ni pé ẹ fẹ́ fi ìwé kan tí kò péye ṣe ìpìlẹ̀ ilé tí ó máa gbé ọgọ́rọ̀ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n to àwọn àléébù rẹ̀ bí mo ṣe rí wọn.

1. Ọjọ́ tí ẹ wá kà wá kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Ọrọọrún ni a ń ná ọjà wa, ọmọdé ìlú mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ẹ rán wá pẹ̀lú bírò àti fọ́ọ̀mù wá ní ọjọ́ kejì ọjà, nígbà tí ilẹ̀ ṣófo, tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ wà ní títì. Wọ́n ka ẹni tí wọ́n bá, wọ́n lọ. Ẹ wá wo àwọn tí wọn kò bá. Wọn ò bá àwọn tó ń kó gbodo, iṣu gbígbẹ tí a ń lọ̀ di èlùbọ́, wá láti Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣí, tí wọ́n máa ń wọlé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, tí wọ́n ń sùn lórí àpò ẹrù wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn ò bá àwọn àgbẹ̀ tó ń ru ẹ̀gẹ́, ilá àti ẹ̀fọ́ wá láti abúlé tó yí wa ká. Wọn ò bá àwọn Hausa tó ń já àlùbọ́sà àti tòmátò láti òkè ọya, wọn ò sì bá àwọn alágbàtà tó ń ra èlùbọ́ lọ sí Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ò ní ìsọ̀, wọn ò sì gbé ìlú yìí. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá wá, kí ni a fẹ́ tà, ta sì ni a fẹ́ tà á fún?

Àbájáde rẹ̀ ti hàn nínú àwòrán ilé tí ẹ gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Ibi tí lọ́rí ń já ẹrù sí ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn oníbàárà. Kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá lè gbà wọlé, kò sí ibi tí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá lè gbé orí lé. Ẹni tó yàwòrán náà kò mọ̀ pé lọ́rí ń wá, torí ọjọ́ tí lọ́rí ò wá ni wọ́n kà wá. Mi ò bá ayàwòrán wí. Ohun tí ẹ kó fún un ló fi ṣiṣẹ́.

2. Ọlọ́jà kì í ṣe ẹnì kan.

Ìsọ̀ kan ṣoṣo ní ìlà àwọn aláṣọ ń bọ́ tó ènìyàn mẹ́rin. Ẹni tó ni ín lè má tẹ ilẹ̀ ọjà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Owó ọdọọdún ló ń gbà. Ẹni tó yá a ló ń ṣí i láàárọ̀, tó ń tì í lálẹ́. Níwájú ìsọ̀ náà, obìnrin kan tẹ́ àtẹ ata àti tàtàṣé, ó ń san nǹkan díẹ̀ fún ẹni tó yá ìsọ̀. Ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá sì ń sọ ẹrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ yẹn nígbà tí oòrùn bá mú. Àtúnkọ́ kan náà máa kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ohun tó máa ṣe fún ọ̀kan kọ́ ló máa ṣe fún ìkejì. Onísọ̀ ń fẹ́ kí orúkọ òun wà lórí rìsíìtì tuntun. Ẹ̀rù ń ba ayálo pé bí orúkọ onísọ̀ bá wà níbẹ̀, olówó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ògiri tó gbẹ. Alátẹ ò ní rìsíìtì kankan, orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan àfi lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan, ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ló máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn, ohun tó máa ṣe é láǹfààní ló sì máa sọ.

Nínú àwọn tó ní ìsọ̀ pàápàá, ọjà tí oníkálukú ń tà yàtọ̀. Alápatà nílò omi àti gọ́tà tó ń ṣàn. Ẹlẹ́rọ ata nílò ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àti ibi tí èéfín rẹ̀ máa gbà jáde. Èlùbọ́ máa ń gba òórùn mọ́ra, nítorí náà a kì í jókòó ti ẹlẹ́ja. Eruku rẹ̀ sì ń bà sára aṣọ, nítorí náà a kì í jókòó ti aláṣọ. Nínú àwòrán yín, àárín ẹlẹ́ja àti aláṣọ ni ẹ fi wá sí, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ta ló máa máa gbé àpò gbodo gòkè níbẹ̀? Ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ni ìbá ti yanjú èyí kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa wà ní Yábàá. Iná jó ọjà Tejúòṣó ní oṣù Kejìlá 2007. Ilé ọjà tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ṣí ní 2014, ilé tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ké gbàjarè pé owó ìsọ̀ tuntun ti kọjá agbára àwọn. Ilé pé, àwọn tí wọ́n fi orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ò pé síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà kọ ọ́ sínú ìwé yín pé nítorí àwọn ọlọ́jà ni ẹ ṣe fẹ́ tún ọjà kọ́. Àwọn ọlọ́jà wo?

3. Ẹ fi agbára ka ènìyàn.

Orí kókó yìí ni màá ti pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe tó kù ti ń jáde.

Àpótí mẹ́rin tí ẹ lò kì í ṣe ohun àjèjì. Aubrey Mendelow ni wọ́n máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́: ẹ fa ìlà méjì, ọ̀kan fún agbára, ọ̀kan fún bí ọ̀rọ̀ ṣe kan ènìyàn tó. Ẹni tó lágbára tí ọ̀rọ̀ sì kàn gidi, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹni tó lágbára tí ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kàn, ẹ má jẹ́ kó bínú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tí kò lágbára, ẹ máa fi ìròyìn tó o létí. Ẹni tí kò ní èyíkéyìí, ẹ máa ṣọ́ ọ lókèèrè. Ó wúlò fún ẹni tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ó ti lè ṣẹlẹ̀ kí ẹni tí iṣẹ́ máa ba ayé rẹ̀ jẹ́ wà nínú àpótí "ẹ máa fi ìròyìn tó o létí", kí ìròyìn tó sì máa tó o létí jẹ́ pé kó kó ẹrù rẹ̀ lọ́la. Àpótí yẹn ni ẹ fi wá sí. Àwọn alábàárù, ẹ ò tilẹ̀ fi wọ́n sí ìkankan.

R. Edward Freeman, tí gbogbo onímọ̀ àkóso ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣàlàyé ní 1984 pé ẹni tọ́rọ̀ kàn ni ẹni tó lè nípa lórí iṣẹ́, tàbí ẹni tí iṣẹ́ máa nípa lórí rẹ̀. Apá méjì ni. Apá àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ ṣe: ẹ béèrè pé ta ló lè dá wa dúró? Gbogbo ẹni tó wà lókè ìwé yín, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni. Ẹ ò béèrè pé ta ni a máa kàn lára? Ní 1997, Ronald Mitchell, Bradley Agle àti Donna Wood fi kún un pé agbára nìkan ò tó wò, kí a wo ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní àti bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń kánjú tó. Alábàárù tó ń fi owó òní ra oúnjẹ alẹ́ òní, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń kánjú ju ti báńkì lọ. Bí ọjà bá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, báńkì á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí kò lágbára lórí ìwé kò lágbára ní ìta. Ìtàn ọjà ilẹ̀ Yorùbá kún fún ẹ̀rí. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja tí kò mọ̀wé kà, ni olórí àwọn obìnrin ọjà Ẹrẹ́kò ní Èkó. Ní àárín àwọn ọdún 1930, ìjọba amúnisìn fẹ́ kó ọjà wọn lọ sí Olúwọlé, àwọn obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó di 1940, ìjọba tún sọ pé obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ máa san owó orí. Obìnrin Èkó ò ní ẹ̀tọ́ ìdìbò nígbà náà. Bí a bá ya àpótí mẹ́rin fún ìjọba ọjọ́ náà, mo mọ ibi tí wọn ìbá fi Pelewura sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, òun àti àwọn obìnrin ọjà tú jáde lọ bá ìjọba, ìjọba sì gbé iye náà sókè sí £200, èyí tó yọ ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kúrò. Agbára ọlọ́jà wà nínú kí wọ́n pa ẹnu pọ̀. Ìwé yín ò ní ibi tí a lè kọ irú agbára bẹ́ẹ̀ sí.

Mi ò fi èyí halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá dúró kí agbára wọn tó hàn kí ẹ tó kà wọ́n, ẹ ti pẹ́. Ẹ wo Badia East ní Èkó. Báńkì Àgbáyé yá ìjọba ìpínlẹ̀ ní igba mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ àtúnṣe kan, àdúgbò náà sì wà lára ibi mẹ́sàn-án tí iṣẹ́ náà wà fún. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2013, wọ́n wó ilé níbẹ̀, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Amnesty International sì sọ pé àwọn tó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000. Lẹ́yìn tí ilé ti wó, tí ẹjọ́ ti dé ọ̀dọ̀ Báńkì Àgbáyé, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn onílé àti ayálégbé fún gbà-máà-bínú. Iṣẹ́ tó yẹ kí ó ṣáájú ló gbẹ̀yìn. Ìlànà tí Báńkì Àgbáyé ń lò láti 2018 ti wá ya àwọn tí iṣẹ́ kàn lára sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kàn fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì ní kí a wá àwọn tí ohùn wọn kì í jáde lọ́tọ̀. Owó tiwa kì í ṣe tiwọn, ẹnikẹ́ni ò lè fi ìlànà yẹn dè yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíì ti fi ilé ènìyàn san owó rẹ̀, kí ló dé tí a ò ní lò ó lọ́fẹ̀ẹ́?

4. Ìtẹ̀ka Ìyálọ́jà kì í ṣe ìtẹ̀ka gbogbo wa.

Ìyá wa ni Ìyálọ́jà, a bọ̀wọ̀ fún wọn, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi lẹ́tà yìí bú wọn. Ẹ̀yin lẹ lọ bá wọn ní pálọ̀ wọn, ẹ gbé ìwé tí a fi èdè Òyìnbó kọ fún wọn, ẹ sì kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ọjà ti fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ wọn pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń bára wọn ṣe awuyewuye lórí ilẹ̀. Àwọn alátẹ àti alábàárù ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan rárá. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé Ìyálọ́jà ò lè gbé orí gbogbo wa wá sí pálọ̀.

5. Àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri ọjà.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlà àwọn alápatà. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ kí tírélà oníyanrìn gbà ni àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé. Mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ojúbọ Èṣù ọjà sì wà ní oríta tí ẹ fi àmì "a ó wó o" sí. Kì í ṣe pé mo ń sọ pé kí ẹ má ṣí nǹkan kan nípò. Ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó o kí katapílà tó débẹ̀, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọjà onígbà díẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó wa lọ. Àdúgbò kan wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ní kànga kan tí gbogbo wọn ń pọn. Ẹ̀ ń kó odidi ọjà kan lọ bá wọn, orúkọ wọn ò sì sí nínú ìwé yín. Ìjà omi ni a máa kọ́kọ́ bá wọn jà.

Ẹ tún ka àwọn tó máa jèrè bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́ tàbí bó bá pẹ́: àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù létí títì, àwọn agbowó-òde tó ń gba owó tí kì í wọ àpò ìjọba. Ọ̀rọ̀ kan àwọn náà. Ẹni tí kò fẹ́ iṣẹ́ yín yẹ kó wà nínú ìwé yín ju ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún yín lọ.

6. Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹnjiníà wà láàárín yín, awọnlẹ̀ wà, akáùńtáǹtì wà, lọ́yà wà. Ẹnì kan tó ń tajà lójúmọ́ ò sí. Ìwé yín ò sì sọ ẹni tó ni ojúṣe láti bá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Nígbà tí a fẹ́ mọ ọjọ́ tí a máa kó ẹrù, ẹnjiníà ní kí a lọ bá akọ̀wé, akọ̀wé ní kí a lọ bá agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe ní òun ò mọ̀ wá rí. Bí ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn bá jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tó máa ṣe é.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí.

Ẹ tún ìkànìyàn náà ṣe, kí ẹ wá ní ọjọ́ ọjà, láti ìgbà tí lọ́rí àkọ́kọ́ bá wọlé lálẹ́ títí di ìgbà tí àwọn agbálẹ̀ bá ń gbálẹ̀. Kí ẹ sì tún wá ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kí ẹ bi gbogbo ẹni tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ pé: ta ló kù tí a ò tíì dárúkọ? Nígbà tí kò bá sí orúkọ tuntun mọ́ ni kí ẹ tó dúró.

Kí ẹ tó jókòó pọ̀, kí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan dá kọ orúkọ àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ kàn sílẹ̀ níyàrá rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ inú yín kọ́kọ́ ka tiwọn. Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọmọdé ò ní fi kún un mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ọmọdé mọ̀ ni àwọn akiri àti alábàárù.

Ẹ fọ́ ìlà "àwọn ọlọ́jà" yẹn sí wẹ́wẹ́: onísọ̀, ayálo, alátẹ, akiri, alábàárù, àwọn tó ń ti ìlú mìíràn kó ọjà wá, kí ẹ sì ya ọjà tí oníkálukú ń tà sọ́tọ̀. Kí àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ yan aṣojú tiwọn fúnra wọn, nínú ọjà, lójú gbogbo ènìyàn. A fẹ́ kí ó kéré tán ẹni méjì nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ yín, kì í ṣe láti máa gbọ́ ìròyìn, bí kò ṣe láti dìbò.

Níwájú orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun mẹ́ta: ohun tí iṣẹ́ yìí máa gbà lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n ń fẹ́, àti orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ tó máa dá wọn lóhùn. Ẹ kọ ọ́ ní èdè Yorùbá àti Hausa, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà, kì í ṣe ọ́fíìsì tí a ní láti wọ bàtà kí a tó wọ̀. Ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ọjọ́ ìwólé kọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ máa kàn ní ọjọ́ tí ẹ bá ń pín ìsọ̀.

Kí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí páànù kan tó wọlẹ̀.

A ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ààfin àti sí alága ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, láti àfẹ̀mọ́jú, ẹgbẹ́ ẹlẹ́lùbọ́ máa fi ènìyàn mẹ́ta sílẹ̀ níbi tí lọ́rí ń já ẹrù sí. Ẹ rán ẹnikẹ́ni nínú yín wá. A ó mú un rìn láti ìlà dé ìlà, a ó sì máa pe orúkọ fún un títí ìwé rẹ̀ á fi kún.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́lùbọ́